Ibi Tí Ẹfọ̀n-Irin Ti Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín. Mo kí àgbà, mo kí ọ̀dọ́, mo kí ẹni tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ kà á àti ẹni tí ọmọ ń kà á fún. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jí mi lónìí, tí ó fi èémí sí imú ọdẹ arúgbó, tí kò jẹ́ kí ìbọn yìn mọ́ mi lọ́wọ́, tí kò sì jẹ́ kí ẹnu mi gbàgbé ohun tí ojú mi rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, abẹ́ igi ọ̀dán ni, ìlú sì péjọ yí mi ká. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn ni mo ṣe ń kọ ọ́ fún yín.

Èmi ni Jeremáyà Ọdẹ́tóyìnbó, ọmọ Òkè-Àgbọ̀n. Nínú ìjọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni mo ń kọ. Nínú igbó, bí ẹkùn bá gbọ́ ikọ́ mi, a yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti tọ ẹ̀jẹ̀ ẹtu fún ọjọ́ mẹ́ta lórí àpáta tí kò mú ẹ̀jẹ̀ dúró, mo sì bá a níbi tí ó sá pamọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín tí ó mọ ẹ̀jẹ̀ tọ̀ jù mí lọ, kí ó dìde. Ẹ rí i? Kò sí ẹni tó dìde.

Orí òkúta ni a tẹ ìlú wa dó sí. Omi kì í pẹ́ nínú kànga wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni ó ń bá wa pọn omi wá láti Odò Ìtura, tí ó wà ní òdìkejì igbó àwọn ẹbọra. Ọkọ̀ ìjọ ni. Ó dúdú, ó sanra, ó sì máa ń mí fìn-ìn bí ẹfọ̀n, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ẹfọ̀n-Irin. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ jíà nínú ikùn ara rẹ̀, ọ́ìlì pupa kan tí ó ń ṣàn níbẹ̀ ni ó sì fi ń ṣe é. Ọ́ìlì náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tán, jíà a jóná. Bí jíà bá jóná, omi a tán. Bí omi bá tán, Òkè-Àgbọ̀n a tú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Ìyá Ìjọ wa, Màmá Dèbórà, rí ẹ̀kán pupa kan lórí òkúta lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ké tòò.

"Ẹ gbà wá o! Ẹfọ̀n-Irin ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Gbogbo wa sáré jáde. A wò ó lókèèrè. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, nítorí aṣọ funfun ni a wọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, a ṣe ìpàdé. A gbàdúrà wákàtí kan, a fi wákàtí kan jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣí ìpàdé, a sì fi wákàtí kẹta yan Ìgbìmọ̀ Ìwòsàn Ọkọ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní alága, ó ní igbákejì alága, ó ní akọ̀wé, ó ní bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀. Ohun tí kò ní ni ẹni tí ó mú àkísà lọ́wọ́.

Ṣẹ̀gílọlá ni awakọ̀ náà. Opó ni, ẹnu rẹ̀ mú, bàbá rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ó nawọ́ sókè ní ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n fa gééjì yọ, kí n wo bí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó."

Gééjì ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ inú ikùn jíà, tí a fi ń mọ ìwọ̀n ọ́ìlì. Bí Ṣẹ̀gílọlá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé yíjú sí i. Bàbá Ìjọ, Nátáníẹ́lì Ajíbùlù, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí, ta ni ó tọ́ ọ? O kò mọ̀ pé ọrẹ kì í wọ òṣùwọ̀n ní Òkè-Àgbọ̀n?"

Òtítọ́ ni ó sọ. Àṣà wa ni. Ohun tí ènìyàn bá mú wá sínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni yóò gbé e sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. A kì í kà á, a kì í wọ̀n ọ́n, kí ẹni tí ó mú iṣu kan wá má baà tijú lójú ẹni tí ó mú ọgọ́rùn-ún wá. Ọ́ìlì ọkọ̀ náà, ọrẹ ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a ti ya ọkọ̀ náà sí mímọ́ ni a ti fi aṣọ funfun di orí gééjì rẹ̀ ní kókó mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì fà á yọ rí; ihò mìíràn ni a ń gbà rọ ọ́ìlì sí i.

Ṣẹ̀gílọlá jókòó. Ọkọ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò tó nǹkan. Lọ́sẹ̀ kejì ó di àbàtà. Nígbà tí ó di ogójì ọjọ́, Ẹfọ̀n-Irin kò lè gun òkè mọ́. Bí Ṣẹ̀gílọlá bá tẹ̀ ẹ́ níná, a ké lásán bí ẹni tí ó jẹun yó tí a ní kí ó sáré. Kànga sì ti ń fọ́n iyẹ̀pẹ̀ bọ̀. Omi ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó kù fún gbogbo ìlú.

Nígbà náà ni wọ́n rántí èmi. Bàbá Ìjọ ní, "Ọdẹ, ìwọ tí o mọ ẹ̀jẹ̀ tọ̀, bá ọkọ̀ yìí lọ. Àwọn ìlú ọlọ́gbọ́n wà nínú igbó. Wá ẹni tí yóò sọ ibi tí ó ti ń jò fún wa, kí o sì pọn omi bọ̀ kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé."

Mo gbà. Èmi ní tèmi, ohun kan wà tí mo ti ń ṣe fún ọkọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀, tí ó mú kí n dá ara mi lójú pé èmi ni Ọlọ́run yàn. Ẹ má bi mí léèrè ohun náà síbẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà.

Ṣẹ̀gílọlá wa ọkọ̀, mo jókòó tì í, a rọra gba ojú ọ̀nà títẹ́jú wọ igbó. Bí a ti kọjá igi kìíní ni àwọn igi ń kúnlẹ̀ kí wa, tí wọ́n ń dìde lẹ́yìn wa tí wọ́n ń yọ ṣùtì. N kò dá wọn lóhùn. A dé Ìlú Pààrọ̀-Rẹ̀. Ẹni tí ó ṣọ́ ẹnu ibodè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ti oníjàkadì, ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ ti ìkókó. Ó fi ọwọ́ ìkókó náà júwe ààfin fún wa. Ọba wọn jókòó lórí ìtẹ́, ọrùn rẹ̀ dúdú kirikiri, orí tí ó wà lókè rẹ̀ sì pọ́n bí iyán àná.

Ọba ní, "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ó ń jò."

"Ẹ yọ jíà rẹ̀ dànù! Ẹ fi òmíràn sí i!"

"Kábíyèsí, ẹ kò tíì wò ó."

"Wíwò kẹ̀? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ní ń wò. Gbọ́, ọdẹ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀fọ́rí mú mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bá mi pààrọ̀ orí."

Ṣẹ̀gílọlá dọ̀bálẹ̀... ẹ má bínú, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rù ni ó mú kí n ṣì í sọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ṣé ẹ̀fọ́rí náà sì lọ?"

Ọba fi ọwọ́ pa orí tuntun náà. "Rárá. Ìgbẹ̀yìn ni a wá rí i pé fìlà ló há. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, orí yìí tuntun ni!"

Gbogbo ìjòyè pàtẹ́wọ́, ọwọ́ tí kò bá ara wọn mu ń dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Kí a tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọba ti gbé òòlù dé. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ojú òsì yín pọ́n díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí n kò sá fún erin rí, mo sá. Ṣẹ̀gílọlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń wa ọkọ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú títí a fi jáde ní ibodè.

Lọ́jọ́ kejì a dé Ìlú A-Kì-Í-Jò. Níbẹ̀, òjò kì í dá, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò. Gbogbo òrùlé wọn ni ó lu bí ajere. Àwọn ará ìlú jókòó sínú ilé, olúkúlùkù ru abọ́ lórí, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Mo kí baálẹ̀ wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ilé yín ń jò."

"Ẹnu rẹ ló ń jò!" Ó gbá omi kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ilé wa kì í jò. Òjò ló wá kí wa. Ṣé a kì í kí ènìyàn nílùú tiyín?"

Mo sọ ọ̀ràn ọkọ̀ fún un. Ó ní ìyẹn kò le. Wọ́n nu abẹ́ Ẹfọ̀n-Irin, wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n gbé àwo kan síbẹ̀ kí ẹ̀kán má baà kan ilẹ̀, wọ́n kọ orin ọpẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, baálẹ̀ fi ọwọ́ tútù kọ ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọkọ̀. Ìwé náà sọ pé: *A jẹ́rìí pé ọkọ̀ yìí kò jò.*

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ní agbedeméjì igbó, Ẹfọ̀n-Irin ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró sójú kan, ìwé ẹ̀rí níwájú orí, àbàtà pupa lábẹ́.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti jáde sí wa. Gíga rẹ̀ tó ọ̀pẹ méjì. Ojú méje ni ó ní, gbogbo wọn sì ń wo ilẹ̀, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Àkísà ni ó fi ṣe aṣọ, àkísà ni ó fi ṣe gèlè, aṣọ funfun báláú kan ni ó sì gbé lé èjìká. Ìyá Anùwò ni orúkọ rẹ̀, nítorí kì í wo nǹkan láìjẹ́ pé ó nù ún ná.

Ó ní, "Ẹni tí kò bá dáhùn ìbéèrè mi, n ó sọ ọ́ di òkìtì ọ̀gán sí ojú ọ̀nà yìí. Ọdẹ, ọkọ̀ rẹ ń jò. Kí ni àwọ̀ ohun tí ń jò?"

Mo gbé àyà síwájú. "Pupa ni."

"Pupa bí kí ni?"

N kò mọ̀. N kò tíì fi ọwọ́ kàn án rí.

"Ìgbà wo ni ó ń jò? Nígbà tí ọkọ̀ sùn ni, àbí nígbà tí ó jí?"

N kò mọ ìyẹn náà.

"Ibo ni ó ti ń jò?"

Inú mi dùn, mo mọ èyí. Mo ní, "Lábẹ́ ni!"

Ìyá Anùwò rẹ́rìn-ín títí ewé fi já bọ́ lórí igi. "Lábẹ́! Gbogbo ohun tí ń jò láyé, abẹ́ ni í bọ́ sí. Mo bi ọ́ ní ibi tí ó ti wá, o ń sọ ibi tí ó ń lọ fún mi." Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, mo rí i pé ó ti ń di amọ̀. "Ó ku ẹyọ kan. Kí ni ń sọkún níwájú, tí omijé rẹ̀ ń bọ́ sẹ́yìn?"

Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi, àdúrà kúkúrú, irú èyí tí ènìyàn ń gbà nígbà tí kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ni mo bá rántí ẹtu orí àpáta. Mo yìnbọn lu ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sáré, itan ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ta sí.

Mo kígbe pé, "Ohun tí ń sáré ni! Bí ohun tí ń sáré bá gbọgbẹ́ níwájú, atẹ́gùn a gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn!"

Amọ̀ bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá Anùwò ní, "O ṣeun. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, o ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú kí o lè rí ẹran. Lónìí, tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn kí o lè rí ọgbẹ́."

Ó nu gbogbo abẹ́ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, torí ara tí ó dọ̀tí kì í fi ojú ọgbẹ́ hàn. Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀. A dúró títí ẹsẹ̀ wa fi ro wá. Kò sí ẹ̀kán kan. Ó ní kí Ṣẹ̀gílọlá ṣáná sí i. Ọkọ̀ jí, ó gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀: tó, tó, tó, pupa lórí funfun.

"Ó dára," ni Ìyá Anùwò wí. "Bí ó bá sùn, kò jò. Bí ó bá jí, ó ń jò. Ó yá, ọdẹ, dùbúlẹ̀."

Èmi Ọdẹ́tóyìnbó, tí mo ti wo ẹfọ̀n lójú, n kò wo abẹ́ ọkọ̀ rí. Mo dùbúlẹ̀. Mo nu páànù tí ó wà nísàlẹ̀ jíà, mo wò ó: ìsopọ̀ rẹ̀ gbẹ. Mo wo páìpù méjì tí ń gbé ọ́ìlì lọ tutù níwájú: wọ́n gbẹ. Mo wo ibi tí jíà ti fi ẹnu ko ẹ́ńjìnnì: ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ipa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tutù, ó ń gòkè, ó ń gòkè, bí ojú ẹsẹ̀ ẹran nínú ìrì. Mo tẹ̀lé e títí mo fi dé òkè pátápátá, níbi ihò kékeré tí jíà fi ń mí. Ìfóòfó pupa ń hó jáde níbẹ̀.

Mo jókòó. Mo ní, "Ìyá, kò sí ọgbẹ́. Ẹranko yìí kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń bì ni!"

"Ẹni tí ń bì, kí la kọ́kọ́ ń bi í?"

"Ohun tí ó jẹ."

"Fa gééjì nígbà náà."

Mo dé ibẹ̀, mo rí aṣọ funfun tí a fi dì í ní kókó mẹ́ta. Ṣé èmi ni n ó tú ohun tí àwọn baba ìjọ dì? Mo padà. Mo tún lọ. Mo tún padà.

Ṣẹ̀gílọlá wò mí. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, omi ọjọ́ mẹ́ta ló kù nílé. Ọmọ mi méjèèjì wà níbẹ̀."

Ìyá Anùwò ní, "Ọlọ́run kò ní kí ẹ má wo inú ìkòkò. Ohun tí ènìyàn fún Ọlọ́run ni ẹ kò gbọdọ̀ wọ̀n. Èyí kì í ṣe Ọlọ́run. Jíà ni."

Mo tú u. Mo fà á yọ, mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á yọ. Ìlà méjì ló wà lára rẹ̀, àárín méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì dé. Ọ́ìlì ti kọjá ìlà òkè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko, ó ń hó bí ọṣẹ. Ẹ̀yin ará, jíà tí ọ́ìlì rẹ̀ bá pọ̀ jù, ṣe ni yóò máa pò ó bí ìyá alákàrà ti ń po àkàrà, títí yóò fi di ìfóòfó. Ìfóòfó kò lè ti nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò ṣe lè gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe ń bì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Ta ló ń bọ́ ọ?" ni Ìyá Anùwò bi wá.

Àkókò tó wàyí. Mo wolẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Láràárọ̀ ni mo ń yọ́ lọ rọ ìgò kékeré kan sí i. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ní àánú ọkọ̀ náà."

Ṣẹ̀gílọlá ń yí etí ìró rẹ̀. "Bàbá Ọdẹ... èmi náà. Lọ́sàn-án."

A tú bóòtù ìsàlẹ̀, a fa ọ́ìlì náà díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kìíní kún, mo ní tèmi nìyí. Èkejì kún, Ṣẹ̀gílọlá ní tòun nìyẹn. Ẹ̀kẹta kún, a wo ara wa. Ó di márùn-ún. Ìyá Anùwò ní kí a dí i, kí a ṣáná, kí a gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a tún wo gééjì. Ó bọ́ sí àárín ìlà méjèèjì rẹ́gí. Nígbà tí mo yíjú padà láti dúpẹ́, igbó ti bò ó. Aṣọ funfun rẹ̀ tí ó ní ẹ̀kán pupa ni ó fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹfọ̀n-Irin gun òkè bí ẹni tí a bọ́ ẹrù lórí rẹ̀. A dé Odò Ìtura, a pọn omi kún gbogbo àgbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, nígbà tí igbá ti ń ha ìsàlẹ̀ kànga, a wọ ìlú. Ẹ ò rí bí wọ́n ti ń mu omi, tí ó ń dà sí wọn láyà, tí wọ́n ń sọkún tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìjọ fẹ́ gbé orin. Mo nawọ́ sókè, mo tò kẹ́ẹ̀gì márààrún sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́. Èkíní tèmi ni, èkejì ti Ṣẹ̀gílọlá. Ta ló ni mẹ́ta tó kù?"

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bàbá Ìjọ wúkọ́.

"Láfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo máa ń lọ. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Mo ní, "Háà! Ẹ̀yin ni mo máa ń gbọ́ tí ń wúkọ́ lẹ́yìn ọ̀dán! Mo rò pé áńgẹ́lì ni!"

Olórí akọrin jẹ́wọ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń jẹ́wọ́ ṣáá, kẹ́ẹ̀gì kò tó wọn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta, níbi tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti gbẹ sí. Mo ha á, mo fi aṣọ Ìyá Anùwò nù ún, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kán jíà. Pupa bí kí ni? Ti jíà pupa bí omi ìṣápá. Èyí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ki, ó sì ń rùn bí ọbẹ̀.

Màmá Dèbórà gbọ́ òórùn náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Epo mi! Ọjọ́ ìsinmi yẹn, abẹ́ ọkọ̀ ni mo gbé kèrègbè epo pupa mi sí kí oòrùn má baà pa á. Bí mo ti gbé e kúrò tán ni mo rí ẹ̀jẹ̀!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkọ̀ náà kò jò rí. Ara rẹ̀ le koko. Àánú wa ni ó sọ ọ́ di aláìsàn.

Bàbá Ìjọ mú gééjì lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọrẹ wa, a kò ní wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ikùn tí ń gbà á, láti òní lọ, a ó máa wò ó." Ó fi gééjì náà lé Ṣẹ̀gílọlá lọ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣẹ̀gílọlá jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gééjì lórí itan rẹ̀ bí idà. Àgbàlagbà mẹ́rin ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́rin, olúkúlùkù fi ọwọ́ kan sẹ́yìn agbádá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi. Kí lẹ fi pamọ́ sẹ́yìn yẹn?"

Ẹni tí ó ṣáájú ní, "Ìwé orin ni."

"Ìwé orin tí ń jò?"

Àwọn mẹ́ta yíjú padà wéré. Ẹ bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí. Èmi ni ẹni kẹrin, tí ó ṣáájú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kànga yín gbẹ. Kí ó fún yín ní ọwọ́ tí ń fúnni àti ojú tí ń wò. Kí ohun tí ẹ fi ìfẹ́ ṣe má di àìsàn sára ẹni tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ sì máa rí ẹni tí yóò fi ẹ̀rín bi yín ní ohun tí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn. Àmín.